Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ nílùú Òyìnbó: iṣẹ́ la ó kọ́kọ́ dì mú ni, àbí ìwé?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mo wà, lápá Parakin. OAU ni mo ti gboyè, mo sì ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Yunifásítì kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà mí fún máàsítà ọlọ́dún kan, físà ti jáde, oṣù kẹsàn-án ni mo ń lọ. Bàbá mi ta ilẹ̀ kan lójú ọ̀nà Ẹdẹ, màmá mi yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wọn. A ti san ìdajì owó ilé-ìwé.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ìmọ̀ràn ti pọ̀ jù. Ọ̀rẹ́ mi tó ṣáájú lọ ní kí n má jókòó rárá, pé ọ̀sẹ̀ tí mo bá balẹ̀ ni kí n ti wáṣẹ́ lọ, ìwé á máa tẹ̀lé e bọ̀. Ajẹ́ńtì wa náà ní iṣẹ́ ni màá fi san ìdajì tó kù. Òun ló sì bá wa wá owó tí a fi hàn kí físà tó jáde, a ti dá a padà. Màmá mi ti di èlùbọ́ àti gàárì kún àpótí kan. Àwọn kan tún ní kí n sá fún ọmọ Nàìjíríà bí mo bá débẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló yẹ kí ẹni tí kò rìn kọjá Èkó àti ibi tó ti sìnlú rí kọ́kọ́ gbájú mọ́? Ẹ má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ fún mi.

* * *

ÈSÌ KÌÍNÍ

Àbúrò mi, o kú oríire. Nínú gbogbo ohun tó o kà sílẹ̀, ọ̀kan ló bà mí lẹ́rù, òun náà lo sì sọ bí ẹni pé kò tó nǹkan: owó tẹ́ ẹ dá padà. Owó yẹn kì í ṣe ohun àfihàn. Òun gan-an ni wọ́n retí pé kó o máa jẹ. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kó wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 gbáko. Ajẹ́ńtì tó bá yín wá a ti gba tiẹ̀ lọ, ìwọ lebi máa pa.

Jẹ́ ká jọ ṣírò ó. Nígbà tí ilé-ìwé bá ń lọ lọ́wọ́, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni físà akẹ́kọ̀ọ́ gbà ọ́ láyè láti fi ṣiṣẹ́. Láti oṣù kẹrin 2026, owó tó kéré jù tí òfin gbà kí wọ́n san fún ẹni tó ti pé ọdún 21 ni £12.71 fún wákàtí kan. Bí gbogbo wákàtí náà bá pé, £254 nìyẹn lọ́sẹ̀. Ká pè é ní £1,017 lọ́sẹ̀ mẹ́rin. Ìjọba wọn náà ti ṣírò ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í gbé London máa ná lóṣù: £1,171 ni wọ́n fi í sí láti oṣù kọkànlá 2025, ti London sì jẹ́ £1,529. Jíjẹ, mímu àti ilé gbígbé nìyẹn, owó ilé-ìwé kò sí níbẹ̀. Kódà bó o bá rí iṣẹ́ lọ́jọ́ tó o dé, tí o ò sì pa ọjọ́ kan jẹ, owó náà kò tíì tó ọ jẹ. Ibo ni ìdajì owó ilé-ìwé á ti wá yọ?

Ẹ jẹ́ ká tún wo àkókò. Máàsítà wọn jẹ́ kírẹ́díìtì 180. Kírẹ́díìtì kan, wákàtí 10 ni wọ́n kà á sí, tí a bá da kíláàsì pọ̀ mọ́ ìwé tí wàá dá kà. Wákàtí 1,800 nìyẹn. Pín in sí ọ̀sẹ̀ 50, ó di wákàtí 36 lọ́sẹ̀. Fi 20 tibi iṣẹ́ lé e, ó di 56. O ò tíì sùn, o ò tíì dáná, o ò tíì dúró de bọ́ọ̀sì nínú òjò. Ìwé kì í tẹ̀lé èèyàn bọ̀. Bó o bá fi í sílẹ̀, ibi tó o fi í sí lo máa bá a, ọjọ́ tí wọ́n ní kó o fi iṣẹ́ sílẹ̀ á sì ti pé.

Ohun tí mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn nìyí: owó jíjẹ àti owó ilé oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ kó o tó kúrò ní Ifẹ̀, kó sì jẹ́ tìẹ. Iṣẹ́ á wá bá a lẹ́yìn. Èmi náà kàwé níbẹ̀ kí n tó padà wálé, mo sì rí àwọn ọmọ tó mọ̀wé dáadáa tí ọdún kan ṣoṣo yẹn bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ṣì ń dùn mí.

* * *

ÈSÌ KEJÌ

Èmi tí mo kọ èsì kìíní náà ni. Ọ̀rọ̀ mi ti bí àwọn kan nínú. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń sọ kò ju èyí lọ: a ṣiṣẹ́ láti ọ̀sẹ̀ kìíní, a kàwé jáde, a ti ra mọ́tò, ẹ yé dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Mi ò bá wọn jiyàn pé wọ́n ṣe é. Ìgbà wo ni wọ́n ṣe é ni kẹ́ ẹ bi wọ́n.

Púpọ̀ nínú àwọn tó lọ ní 2021 àti 2022, tọkọtaya ni wọ́n. Ẹnì kan ń kàwé, ẹnì kejì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, torí òfin wákàtí 20 kò de ẹni tó tẹ̀lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Láti oṣù kìíní 2024, ẹni tó ń lọ ṣe máàsítà oníkíláàsì kò lè mú ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́. Àwọn tó ń lọ ṣe ìwádìí, bíi PhD, àti àwọn tí ìjọba ń sanwó ẹ̀kọ́ wọn ló kù tó lè ṣe é. Ọwọ́ kejì tó ń báni gbé ẹrù ti kúrò níbẹ̀.

Owó tiwa náà ńkọ́? Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, nǹkan bí ₦460 ni dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2024, ó ti lé ní ₦1,500. Àwọn tó ti san ìdajì, tí wọ́n ń retí kí ilé fi náírà san ìdajì tó kù, wá bá a pé ìdajì náà ti ju odidi lọ. Ní oṣù karùn-ún 2024, gbogbo ayé gbọ́ pé yunifásítì kan lápá àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kan nínú ẹ̀kọ́ torí owó tí wọn ò rí san, wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ sílé. Nítorí náà, ẹni tó ń fi ìrírí 2021 gbà ọ́ nímọ̀ràn kò parọ́. Ọ̀nà tó gbà kọjá ni wọ́n ti dí.

Ọ̀kan tún wá sọ pé wákàtí 20 kì í ṣe nǹkan, pé èèyàn lè fi orúkọ ẹlòmíràn ṣe tó kù. Èyí ni mi ò ní gbà rárá. Ọ̀sẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó parí lọ́jọ́ Àìkú. O ò lè ṣe 30 lọ́sẹ̀ yìí kó o ní wàá fi 10 ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dí i. Owó tí ibi iṣẹ́ ń san fún ọ ń hàn sí ìjọba. Bó bá sì jẹ́ pé orúkọ ẹlòmíràn lo fi ṣe é, ẹni náà ló ń gbowó ẹ. Lọ́jọ́ tó bá ní òun ò rí nǹkan kan gbà, ta lo máa fẹjọ́ sùn? Ilé-ìwé náà ní láti fi tó ìjọba létí bó o bá pa kíláàsì tì. Wọ́n lè gé físà ẹ kúrú lójijì.

Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú wọn ni pé kó o má dúró títí owó á fi tán kó o tó máa wáṣẹ́. Jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún kọjá, kó o ti mọ ọjọ́ tí kíláàsì ẹ ń bọ́ sí, kó o wá bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́ wò nínú ọgbà: ilé ìkàwé, ilé oúnjẹ, àwọn tó ń mú àlejò yíká. Ọ̀gá inú ọgbà mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́, kò ní bínú bó o bá ní o ní ìdánwò. Nọ́ńbà National Insurance tí ìjọba fi ń mọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti máa béèrè fún un, o sì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó jáde bó o bá ti lè fi hàn pé o lẹ́tọ̀ọ́ sí iṣẹ́.

* * *

ÈSÌ KẸTA

Gbogbo wa ń pariwo iṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò tíì bi ọmọ yìí ibi tó máa sùn. Ojúlé ló ṣe pàtàkì jù lẹ́yìn owó. Báńkì á béèrè ojúlé. Dókítà á béèrè ojúlé. Lẹ́tà ìjọba, ojúlé náà ló ń wá. Ẹni tó ń sùn ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò lè bẹ̀rẹ̀ ayé ẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣojú mi. Ọmọbìnrin kan láti Iléṣà ti sanwó yàrá kí ó tó kúrò nílé. Orí WhatsApp ni wọ́n ti fi àwòrán hàn án, yàrá tó mọ́, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí, fèrèsé tó kọjú sí igi. “Onílé” ní òun rìnrìn àjò, kó fi owó oṣù méjì ránṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ á wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó. Wọ́n pè mí torí pé mi ò jìnnà sí àdúgbò náà. Nígbà tí mo débẹ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú, àpótí méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ti gbé ìkòkò òdòdó náà wò títí erùpẹ̀ fi wọ èékánná ẹ̀. Bàbá arúgbó kan ló ṣílẹ̀kùn. Ilé ẹ̀ ni, kò yá ẹnikẹ́ni ní yàrá rí. Ó ṣàánú, ó fún un ní tíì, ṣùgbọ́n owó ti lọ.

Nítorí náà, má sanwó yàrá tí o ò rí, tí ẹni tó o fọkàn tán kò sì bá ọ wò. Gba yàrá nínú ilé tí yunifásítì fúnra ẹ̀ ń bójú tó, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀ ju ti ìta lọ. Ẹlòmíràn á ní kò bọ́gbọ́n mu, pé ti ìta dínwó. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n onílé ìta sábà máa ń béèrè onídùúró tó ń gbé ìlú náà, ta lo ní níbẹ̀? Bó o bá padà wá gba ti ìta, mọ òfin wọn: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó tí onílé ń dì mú títí wàá fi kó jáde kò gbọ́dọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ fún irú ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, ó sì gbọ́dọ̀ fi í sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí láàárín ọjọ́ 30. Béèrè ìwé ẹ̀rí ẹ̀. Bí gbogbo yín nínú ilé bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò kíkún, ẹ kì í san owó-orí ilé tí wọ́n ń pè ní council tax. Gba lẹ́tà nílé-ìwé, fi ránṣẹ́ sí wọn. Mo rí àwọn tó san án fún oṣù pípẹ́ torí pé kò sẹ́ni tó sọ fún wọn.

* * *

ÈSÌ KẸRIN

Ọ̀rọ̀ èlùbọ́. Mi ò ní bá màmá ẹ jà. Kí wọ́n di èlùbọ́ díẹ̀, ata gbígbẹ, irú gbígbẹ àti ẹ̀gúsí, kí wọ́n dá gàárì dúró, torí gàárì wà káàkiri nílé ìtajà àwọn ará wa ní ìlú ńlá. Ẹran àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe kò gbọ́dọ̀ wọlé. Pọ̀nmọ́, kílíṣí, wàrà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nílé, wọ́n á gbà á dànù ní pápákọ̀ òfuurufú. Àyè tó bá ṣẹ́ kù nínú àpótí, ìwé ẹ̀rí àti oògùn tí dókítà kọ fún ọ ni kó gbà á. Kóòtù tí wọ́n ń wọ̀ nítorí òtútù, débẹ̀ kó o tó rà á.

Ohun kan nípa ìdáná ṣá. Lájà ilé ìdáná wọn, ẹ̀rọ funfun kékeré kan wà tó ń sọ́ èéfín. Ẹnì kan nínú ilé tí mo gbé fẹ́ bó epo pupa lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó de ìkòkò pa, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nílé, ó lọ gba fóònù. Nígbà tó ṣí i, èéfín funfun yẹn gùn tààrà lọ sókè, ariwo sì gba gbogbo ilé. Àjà mẹ́rin ni gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀ sínú òtútù, àwọn kan pẹ̀lú ìró ìwẹ̀ láyà, títí àwọn panápaná fi dé. Ṣí fèrèsé, tan ẹ̀rọ tó ń fa èéfín, má kúrò nídìí iná.

* * *

ÈSÌ KARÙN-ÚN

Ìyá kan láti Iléṣà béèrè pé ọmọbìnrin àwọn tó jẹ́ SS, tó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde (sickle cell), rí ìwọlé sí ibẹ̀ náà, ṣé kí àwọn jẹ́ kó lọ. Àwọn kan ti sáré sọ pé kó jókòó sílé.

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Mi ò ní sọ pé kó má lọ. Mo mọ àwọn SS tó lọ tí wọ́n sì kàwé jáde. Ṣùgbọ́n òtútù wà lára ohun tó máa ń fa ìrora yẹn, àárẹ̀ àti àìmu omi tó náà sì ń fà á. Ẹ jẹ́ kí dókítà tó ń tọ́jú wọn níbí kọ lẹ́tà tó kún: oògùn tí wọ́n ń lò, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti gbà rí, ìgbà tí wọ́n dá wọn dúró ní ọsibítù kẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá débẹ̀ ni kí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, kí wọ́n sì ní kó darí wọn sí àwọn tó mọ̀ nípa àrùn ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù. Owó ìtọ́jú ti wà nínú ohun tẹ́ ẹ san mọ́ físà, £776 ni fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún kan, nítorí náà kì í ṣe àánú ni wọ́n ń ṣe wọ́n. Kí wọ́n sọ fún ilé-ìwé náà, mà. Yàrá tó móoru, àfikún àkókò, ìwọ̀nyí wà fún ẹni tó bá sọ. Iṣẹ́ alẹ́ nínú ilé ìkẹ́rùsí ni kí wọ́n jìnnà sí.

Ìyókù yìí kan gbogbo yín. Kẹ́míìsì wọn kì í ta amoxicillin láìsí ìwé dókítà, bó ti wù kó o bẹ̀ wọ́n tó. Bí ibà bá mú ọ láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀ tó o débẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n pè é ní ọ̀fìnkìn. Pe 111, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè fún ìmọ̀ràn ìlera, sọ pé láti Nàìjíríà lo ti dé, ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ wò fún malaria lọ́jọ́ náà. Dókítà ibẹ̀ kì í sábà rí i, ó lè má wá sí i lọ́kàn, malaria sì lè pààyàn bí wọn ò bá tètè mọ̀. Oòrùn ibẹ̀ kì í tó fún awọ ara tiwa: ìjọba wọn fúnra wọn ní kí aláwọ̀ dúdú máa lo vitamin D, máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́, yípo ọdún.

* * *

ÈSÌ KẸFÀ

Ẹnì kan ní mò ń sọ̀rọ̀ owó àti àìsàn, mi ò sọ̀rọ̀ kíláàsì. Ó tọ̀nà.

Wọ́n á ní kó o máa pe olùkọ́ ní orúkọ àbísọ. Ara ẹ á kọ̀ ọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì máa ń kọjá. Ohun tó le jù ni pé àwa tí a ti dúró níwájú ọ́fíìsì olùkọ́ rí láti àárọ̀ títí di ọ̀sán ti gbà pé kí a má yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu ni ọmọlúàbí. Níbẹ̀, olùkọ́ á kọ wákàtí tó wà fún ọ sára ilẹ̀kùn, á sì jókòó dè ọ́. Bí o ò bá wá, á rò pé gbogbo ẹ̀ yé ọ.

Máàkì wọn náà, kó o mọ̀ ọ́n. Fún máàsítà, 50 ni wọ́n fi ń yege, 60 ti dára, 70 ni ti àwọn tó ta yọ. Ẹni tó gba 62 nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ sọkún. Ẹni tó da ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kọ láìdárúkọ ẹni tó ni ín ló ní ìdí láti bẹ̀rù, torí ẹ̀rọ Turnitin á fa gbólóhùn tó bára mu yọ. Lọ sí kíláàsì tí ilé ìkàwé máa ń ṣe lórí bí a ṣe ń tọ́ka sí ìwé, ọ̀fẹ́ ni.

Èyí tó dùn mí jù: ọmọ ìyá wa kan gbọ́ pé bàbá òun kú ní Iléṣà. Kò lè wá sin wọ́n. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé-ìwé, ó ní ọ̀rọ̀ ilé ni. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà lálẹ́ ọjọ́ ìsìnkú, ó ń wò ó lórí fóònù pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó ń tẹ iṣẹ́ tó fẹ́ fi sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kejì. Ó fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ náà. Bó bá kọ íméèlì kan ṣoṣo tí ó fi ìwé ẹ̀rí sí i kí ọjọ́ tó pé, wọn ì bá fún un ní ọjọ́ mìíràn. Ilé-ìwé ní ọ́fíìsì fún irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ sọ ọ́, ẹ jọ̀wọ́.

* * *

ÈSÌ KEJE

“Sá fún ọmọ Nàìjíríà.” Mo rí i pé èyí ló ní aláàtìlẹ́yìn jù, mi ò sì mọ̀dí tí a fi ń sọ ọ́ nípa ara wa. Ìdí tí wọ́n ń mú wá ni pé ará wa lè tan ọ́ jẹ. Ẹni tó fi yàrá tan ọmọ Iléṣà yẹn jẹ, a ò mọ ibi tó ti wá títí dòní. Ẹni tó gbà á sílé lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá kan láti Modákẹ́kẹ́ ni, tí kò rí i rí.

Ohun tó yẹ kó o sá fún ni gbígbé láìní ìwé àdéhùn, yíyá owó láìní ẹlẹ́rìí àti lílo orúkọ ẹlòmíràn, ẹni yòówù kó fi lọ̀ ọ́. Bí kì í bá ṣe èyí, lọ bá àwọn ará wa: ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí, ẹgbẹ́ ọmọ Nàìjíríà inú ọgbà. Lọ bá àwọn tí kì í ṣe ará wa náà, torí ọmọ Íńdíà tó wà ní kíláàsì ẹ ló máa mọ ìgbà tí iṣẹ́ àmúṣe pé, kì í ṣe pásítọ̀ ẹ.

Wàá nílò èèyàn ju bó o ti rò lọ. Nígbà tó o bá dé ní oṣù kẹsàn-án, aago tiwa àti tiwọn dọ́gba. Lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, wọ́n á dá aago padà ní wákàtí kan. Ní oṣù kejìlá, oòrùn á ti wọ̀ lápá àríwá kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Wàá wọ kíláàsì nínú òkùnkùn, wàá jáde nínú òkùnkùn. Oṣù yẹn ni ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rẹ̀wẹ̀sì, tí wọn ò ní mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Máa jáde lọ́sàn-án fún ìrìn díẹ̀. Jẹ́ kí ilé mọ wákàtí tí wọ́n lè pè ọ́.

* * *

ÈSÌ KẸJỌ

Bọ̀dá kan ní kí ló dé tí gbogbo wa ń pariwo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, Jámánì ń bẹ. Àbúrò mi wà ní Jámánì, mo mọ díẹ̀. Púpọ̀ yunifásítì ìjọba wọn kì í gba owó ẹ̀kọ́, àmọ́ ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg ń gba €1,500 ní sáà kan lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ará Yúróòpù. Owó tí wàá tì pa sí báńkì fún ọdún kan jẹ́ €11,904, wọ́n á máa tú €992 fún ọ lóṣooṣù. Ẹ ò rí i pé ètò yẹn ṣe ohun tí mò ń wí láti àárọ̀: ó fi dandan lé e kí owó jíjẹ wà nílẹ̀, kò sí ajẹ́ńtì tó máa wá gbà á padà lọ́jọ́ kejì. Ìdíwọ́ tiẹ̀ ni èdè, pàápàá fún ẹni tó ń wáṣẹ́. Bí físà tìẹ kò bá tíì jáde, ìwọ tó ń kà á, wò ó dáadáa.

* * *

ÈSÌ KẸSÀN-ÁN

Ẹni tó béèrè ti padà wá. Ó ní òun ka èsì wọ̀nyí fún bàbá òun, bàbá sì fárí gá pé ilẹ̀ ti tà, àwọn ará àdúgbò ti gbọ́, kò sí ìpadàsẹ́yìn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù á bẹ̀rẹ̀ sí í gé owó oṣù màmá láti oṣù kẹwàá, òun ni wọ́n sì ń retí kó máa fi owó ránṣẹ́.

Àbúrò mi, mo gbọ́ ohùn bàbá ẹ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò dá wọn lẹ́bi. Ilẹ̀ kì í hù. Torí ẹ̀ gan-an ni mi ò fi fẹ́ kó jẹ́ pé ẹ ta á tán, kí wọ́n tún lé ọ padà wálé láìgboyè. Mú ìwé kan, jókòó pẹ̀lú àwọn méjèèjì, kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú wọn: owó ilé-ìwé tó kù, owó yàrá, owó jíjẹ oṣù mẹ́rin, iye tó wà lọ́wọ́. Sọ fún màmá pé kí wọ́n ṣírò gbèsè ẹgbẹ́ náà bí ẹni pé kọ́bọ̀ kan kò ní wá láti ọ̀dọ̀ ẹ títí wàá fi parí ẹ̀kọ́. Ó máa dùn wọ́n láti gbọ́. Ó sàn kí wọ́n gbọ́ ọ ní Parakin nísinsìnyí ju kí wọ́n máa pè ọ́ ní oṣù kejì, kó o máa wo fóònù láìgbé e.

Bí àlàfo tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ èyí tí ẹbí lè dí kí oṣù kẹsàn-án tó dé, máa lọ. Bí kò bá ṣeé dí, sún ìrìn àjò náà síwájú. Kọ sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé, béèrè ohun mẹ́ta: ọjọ́ tí wọ́n ń retí ìdajì owó tó kù àti bóyá wọ́n lè jẹ́ kẹ́ ẹ san án díẹ̀díẹ̀; bóyá wọ́n lè gbé ìwọlé ẹ sí oṣù kìíní tàbí oṣù kẹsàn-án ọdún tó ń bọ̀; àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí owó tẹ́ ẹ ti san bí wọ́n bá gbé e. Mi ò ní tàn ọ́, bó o bá sún un, wàá gba físà tuntun, owó tẹ́ ẹ san fún ti àkọ́kọ́ á wọlẹ̀. Owó físà ò tó ìdajì owó ilé-ìwé. Má jẹ́ kí ajẹ́ńtì bá ọ kọ lẹ́tà yìí, fúnra ẹ ni kó o kọ ọ́, láti íméèlì ìwọ fúnra ẹ. Kọ ọ́ lálẹ́ òní kí wọ́n tó kún fún iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ. Bí èsì wọn bá dé, gbé e wá síbí, ká jọ kà á.